Ṣé òfin gbà kí onílé fúnra rẹ̀ pààrọ̀ hítà oníná?

Ìyá kan ló kọ lẹ́tà yìí sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Flat àtijọ́ tí káńsù kọ́ ni èmi àti ọkọ mi rà ní Thamesmead, ní London, lọ́dún tó kọjá. Hítà mẹ́ta ló wà lára ògiri, àwọn ńlá-ńlá tó wúwo bí òkúta. Ẹ̀kẹrin, kékeré, wà lókè ilẹ̀kùn bàlùwẹ̀. Méjì nínú àwọn ńlá náà ò gbóná mọ́, ti bàlùwẹ̀ náà ti kú. Mo ti ra hítà pẹlẹbẹ tuntun méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀ràn ìjọba ni tí a bá fọwọ́ kan wáyà ilé wa láìjẹ́ pé oníṣẹ́ tó ní ìwé ló ṣe é, pé wọ́n lè gbé wa lọ sí kóòtù. Àbúrò bàbá mi tó ti ṣiṣẹ́ wáyà ní Ìbàdàn fún ogún ọdún wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ó ní wáyà méjì péré ni, kò sí ohun tó le níbẹ̀, òun á ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Èmi ni, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ óò gbé e pẹ́, ẹ óò sì fi bí ọmọ sí i. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ohun tó ń já yín láyà ni pé: ṣé ẹ lè fi ọwọ́ ara yín, tàbí ọwọ́ ẹbí yín, yọ hítà kúrò lára ògiri ilé tí ẹ fowó yín rà, kí ẹ fi òmíràn sí i, kí òfin má sì mú yín? Ní England tí ẹ wà, bẹ́ẹ̀ ni, òfin gbà á, tó bá jẹ́ pé ìpààrọ̀ lásán ni. Àmọ́ nínú irú flat tí ẹ júwe yìí, ó ṣòro kó jẹ́ ìpààrọ̀ lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn hítà yẹn, ìyẹn wáyà tó ń fún un níná, ló máa sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, òun náà ló sì máa sọ ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín. Kò purọ́, apá kan ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005 ni apá kan wọ inú òfin ilé kíkọ́ ti England àti Wales, èyí tí gbogbo àwa oníṣẹ́ iná mọ̀ sí Part P. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, onílé lè máa fa wáyà káàkiri ilé rẹ̀ bó ṣe wù ú, òfin ilé kíkọ́ kò ní bi í léèrè. Nígbà tí Part P dé, ohun tó kárí ìgboro ni pé ìjọba ti ka iṣẹ́ iná léèwọ̀ fún onílé, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ni wọ́n ṣì ń sọ lẹ́yìn ìsìn títí dòní. Ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó pín iṣẹ́ iná ilé sí méjì: èyí tó gbọ́dọ̀ dé etí àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́, àti èyí tí kò di dandan kó dé etí wọn. Kò sọ níbì kankan pé onílé kò gbọdọ̀ ṣe é. Ó kàn ní tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kó sọ fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé etí wọn pọ̀ gan-an. Kódà wáyà tí ẹ bá fà kún ti kíṣìnì wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013, England gé e kúrú, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fa ọ̀nà iná tuntun, ìyẹn ni pé kí wáyà kan jáde láti inú fiúsì bọ́ọ̀sì, àpótí tí iná ti ń pín káàkiri ilé, pẹ̀lú búrékà tirẹ̀, ohun tó ń gé iná nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Èkejì ni kí ẹ pààrọ̀ fiúsì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi kún ọ̀nà iná tó ti wà nílẹ̀, tàbí kí ẹ yí i padà, ní àyíká ibi ìwẹ̀. Ìwé tí ìjọba fi ṣàlàyé òfin náà sọ ọ́ kedere pé pípààrọ̀ ohun tó wà nílẹ̀, títún un ṣe àti títọ́jú rẹ̀ kò sí lára ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ròyìn, ibi yòówù kó wà nínú ilé, títí kan bàlùwẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá yọ hítà tó ti kú, tí ẹ fi hítà tí agbára rẹ̀ kò ju ohun tí wáyà yẹn lè gbé lọ sí ojú kan náà, ẹ kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Part P ní gbólóhùn kan tó kan gbogbo iṣẹ́, kékeré àti ńlá, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣe é lọ́nà tí kò ní dá iná sílẹ̀, tí kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Iṣẹ́ tí ẹ kò ní láti ròyìn kò bọ́ lọ́wọ́ gbólóhùn yẹn.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni ẹ fẹ́ ṣe, ọ̀nà tó tọ́ wà. Ẹ lè pe oníṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi NICEIC tàbí NAPIT. Òun fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, á sì ròyìn rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ lè ṣe é fúnra yín, kí ẹ sì ti bá oníṣẹ́ tó láṣẹ láti yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò sọ ọ́ ṣáájú, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tàbí kẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ilé kíkọ́ ní káńsù yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ san owó wọn, kí wọ́n wá wò ó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé owó káńsù nìkan lè tó ohun tí ẹ máa san fún oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sábà gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ròyìn tí kò ròyìn rẹ̀, kóòtù lè bu owó ìtanràn tí kò ní gbèdéke lé e. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gíga Grenfell ní London, òfin Building Safety Act ti ọdún 2022 tún fa àkókò tí káńsù fi lè pàṣẹ pé kí ẹ tú iṣẹ́ tí kò bófin mu gùn: oṣù méjìlá ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ọdún mẹ́wàá báyìí. Síbẹ̀, n kò rí onílé kankan rí tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí pé ó pààrọ̀ hítà kan. Àwọn tí mo rí ni àwọn tí wáyà jó mọ́ lára ògiri, àti àwọn tí títa ilé wọn há sọ́wọ́ agbẹjọ́rò fún oṣù mélòó kan.

Kí n tó kúrò lórí òfin: ìdáhùn mi yìí, England ló wà fún. Ní Wales, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé etí wọn ṣì pọ̀ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ hítà lórí wáyà kan náà kò sí lára rẹ̀. Scotland ní òfin ilé kíkọ́ tirẹ̀, kò lo Part P. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà, láti ìlú dé ìlú ni òfin tiwọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ gbà kí onílé ṣe é nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, tó bá ti gba ìwé àṣẹ. Ní Ọsirélíà, oníṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá sọ bó ṣe ṣe tirẹ̀, ẹ má fi wé tiyín.

Ó wá ku hítà "tó wúwo bí òkúta" yẹn. Òkúta ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, bíríkì ni. Storage heater ni wọ́n ń pè é. Hítà oníbíríkì ni mo máa ń pè é fún àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Yorùbá. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń ta iná lówó pọ́ọ́kú fún wákàtí méje lóru, tí wọ́n ń pè é ní Economy 7. Lóru yẹn ni iná máa ń wọ inú hítà, tí bíríkì á gbóná gidigidi. Tílẹ̀ bá mọ́, iná á gé, bíríkì á wá máa tú ooru tó ti gbà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́, bí òkúta ààrò ṣe ń gbóná nígbà tí a ti kó igi kúrò lábẹ́ ìkòkò tipẹ́. Irú rẹ̀ ló kún inú àwọn flat tí gáàsì kò wọ̀, pàápàá àwọn ilé gíga tí káńsù kọ́.

Torí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, wáyà tó ń bọ̀ síbẹ̀ kì í ṣe irú wáyà tó ń bọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Ó sábà máa ń ti inú fiúsì bọ́ọ̀sì kejì wá, èyí tí mítà tàbí aago kan ń ṣí lóru tó sì ń tì láàárọ̀. Lọ́sàn-án, wáyà yẹn kò níná. Ẹ lọ wo ibi tí mítà yín wà. Tí ẹ bá rí fiúsì bọ́ọ̀sì méjì, tàbí tí nọ́ńbà méjì ń yí lórí mítà, ọ̀kan fún òru, ọ̀kan fún ọ̀sán, á jẹ́ pé bó ṣe rí nínú ilé yín nìyẹn. Nínú ilé mìíràn, rédíò ló ń ṣí i tẹ́lẹ̀: àmì kan máa ń gba orí ìgbì rédíò gígùn ti BBC wá sínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò yẹn díẹ̀díẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹni tó bá ṣì ní àpótí yẹn, iléeṣẹ́ tó ń tà á níná ni kó pè ná, kí wọ́n wá fi mítà tuntun sí i, kó tó dá hítà rẹ̀ lẹ́bi. Nítiyín, ẹ ní ọ̀kan nínú mẹ́ta ṣì ń gbóná. Ìyẹn fi hàn pé iná òru ń wọlé, àti pé inú hítà méjì yẹn, tàbí búrékà wọn, ni àìsàn náà wà.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àbúrò bàbá yín bá so hítà pẹlẹbẹ tuntun mọ́ wáyà òru. Á tàn, á gbóná, inú gbogbo yín á dùn lóru Sátidé. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn ìbejì bá dé láti iléèwé, òtútù á ti gba ilé, torí hítà pẹlẹbẹ kò ní bíríkì tó ń tọ́jú ooru. Ìgbà tí iná bá wà nínú wáyà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo mọ bàbá kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tó rí i pé hítà kò ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán, ó fa wáyà tín-ín-rín láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí hítà mẹ́ta. Lọ́kàn tirẹ̀, ìpààrọ̀ ló ṣì ń ṣe. Nígbà tí wọ́n pè mí, kápẹ́ẹ̀tì ti dúdú ní ìlà gbọọrọ láti ògiri dé ògiri, bí ẹni fi irin gbígbóná fà á. Ọmọdé mẹ́ta ló ń sùn nínú yàrá tí wáyà yẹn gbà kọjá. Mi ò tíì gbàgbé ìlà dúdú yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí hítà pẹlẹbẹ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní iná tó wà ní gbogbo ìgbà. Nínú ọ̀pọ̀ flat, ìtumọ̀ ìyẹn ni ọ̀nà iná tuntun láti inú fiúsì bọ́ọ̀sì ọ̀sán, nígbà mìíràn kí wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ fiúsì bọ́ọ̀sì náà torí pé àyè kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí ẹ pè ní ìpààrọ̀ á di èyí tó gbọ́dọ̀ dé etí ẹ̀ka ilé kíkọ́. Ọ̀rọ̀ arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín wá sún mọ́ òótọ́ ní ti ilé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó fi sọ ọ́ yàtọ̀.

Ní ti àbúrò bàbá yín, mi ò ní kẹ́gàn iṣẹ́ rẹ̀. Mùṣín ni èmi náà ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó lè fa wáyà yí ilé alájà mẹ́rin po láìwo ìwé. Ọwọ́ irú wọn dáa, ojú wọn sì mú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo lò ní Mùṣín, mi ò rí hítà yàrá ẹyọ kan. Ẹ̀rọ amúlétutù, fáànù, ẹ̀rọ ìfami, ìyẹn la mọ̀. Hítà tó ń gba iná láti ọ̀nà méjì kò sí nínú ohun tí ọ̀gá wa lè kọ́ wa. Ọdún kejì tí mo dé London, mo lọ bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ nínú flat kan tí hítà oníbíríkì rẹ̀ ní fáànù nínú. Mo pa súwíìṣì ńlá tó wà lára ògiri, mo ṣí ìdérí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé mi, ó gbá mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà òru ni mo pa. Fáànù ń gba iná tirẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀sán, súwíìṣì tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì tí mi ò rí. Ọ̀pọ̀ hítà oníbíríkì tuntun náà rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹun. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ àbúrò bàbá yín létí dáadáa. Àti pé wáyà òru lè ṣàì níná lójú ọ̀sán, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rò pé òun ti pa á, kí iná sì dé bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá di òru.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kan wáyà kankan láìṣe nǹkan yìí: màá pa búrékà, màá fi àgádágodo kékeré tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn án, màá fi tẹ́sítà kan ibi tí mo mọ̀ pé iná wà, kí n lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́, màá fi kan wáyà tí mo fẹ́ tú, màá tún padà fi kan ibi tí iná wà, kí n lè mọ̀ pé kò kú sí mi lọ́wọ́ láàárín. Sukudiráfà tó ń tan iná pupa ní ìdí rẹ̀, tí a máa ń lò nílé, kò tó fún èyí. Ó lè má tàn kí iná sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà náà wà níbẹ̀. Nínú flat àtijọ́, wáyà pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń dá a padà. Láti òpin oṣù kẹta ọdún 2006, iṣẹ́ tuntun gbogbo ti di àwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù. Ẹ máa rí méjèèjì nínú ilé kan náà, níbi tí ẹnì kan ti fi kún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ni wáyà ilẹ̀. Nílé, a máa ń rí ilé tí wọn kò fà á dé, àwọn oníwáyà mìíràn á sì gé e dànù nígbà tí wọn kò bá rí ibi tí wọ́n máa so ó mọ́. Àbúrò bàbá yín tó ní "wáyà méjì péré ni" yẹn kà mí láyà díẹ̀. Mẹ́ta ni. Hítà tí ara rẹ̀ jẹ́ irin tí kò ní wáyà ilẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á níná, ọmọ tó bá fara tì í á fojú rí i.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun kan tó sábà ń dá iná sílẹ̀ nídìí hítà, torí kò jọ ohun ńlá. Síkúrù tí wọn kò dè dáadáa ni. Kẹ́tùlù lè fa kílówáàtì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Hítà pẹlẹbẹ kílówáàtì méjì ń fa bí áńpù mẹ́sàn-án, ó sì lè fà á fún wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, lójoojúmọ́, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ibi tí wáyà ti mi nídìí síkúrù á máa gbóná, á máa tutù, á túbọ̀ máa tú, títí ike á fi yọ́. Bákan náà, hítà oníbíríkì ńlá lè fa bí áńpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà wáyà rẹ̀ nípọn, súwíìṣì rẹ̀ sì jẹ́ ti áńpù ogún tí kò ní fiúsì nínú. Wáyà tín-ín-rín tó bá hítà pẹlẹbẹ yín wá kò gbọdọ̀ lọ sórí irú súwíìṣì yẹn bẹ́ẹ̀. Ó nílò súwíìṣì tó ní fiúsì nínú, tí fiúsì náà bá agbára hítà mu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n: ṣé wáyà ilẹ̀ lọ tààrà láìgé níbì kankan, ṣé iná kò jò jáde lára wáyà, ṣé búrékà á gé kíákíá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, onílé kì í ní in. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi sọ pé kí onílé ronú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, kódà níbi tí òfin ti gbà fún un.

Yàtọ̀ sí òfin ìjọba, àwọn ìwé mìíràn wà tí ẹ ti fọwọ́ sí. Flat ni ẹ rà, kì í ṣe ilé àdáni. Ẹ ní ìwé líìsì, ìyẹn ìwé àdéhùn láàárín yín àti ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ kà á. Àwọn kan ní kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà lára iná ilé, káńsù tàbí ẹni tó ni ilẹ̀ sì lè béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ ka ìwé ìṣúráńsì yín pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ìwé tí agbẹjọ́rò máa gbé síwájú yín á béèrè bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ iná kankan nínú ilé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005, àti ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Tí ẹ bá sì gbà láti fi ilé náà háyà, òfin ọdún 2020 ní dandan ni kí oníṣẹ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n yẹ iná ilé wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún.

Kí ni mo rò pé kí ẹ ṣe? Ẹ má tíì ṣí páálí hítà tí ẹ rà. Tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á, tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tó dé ọwọ́ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Mo sọ èyí nítorí owó iná. Hítà oníná gbogbo, ohun tó bá jẹ náà ló ń pọ̀ jáde: kílówáàtì kan wọlé, ooru kílówáàtì kan jáde, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Ìgbà tí ẹ bá ra iná yẹn ló ń sọ iye tó máa ná yín. Ẹni tó bá wà lórí Economy 7, iná ọ̀sán rẹ̀ wọ́n ju ti ẹni tí kò sí lórí rẹ̀ lọ. Hítà pẹlẹbẹ tó ń jẹ iná ọ̀sán lórí Economy 7 ló ń náni lówó jù nínú gbogbo ètò tí mo mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo pẹlẹbẹ níbi gbogbo, ẹ kúrò lórí Economy 7. Tí ẹ bá fẹ́ dúró lórí rẹ̀, hítà oníbíríkì ló bá a mu.

Ṣé méjì tí kò gbóná yẹn tiẹ̀ ti kú? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kékeré kan tó ń gé iná nígbà tí ooru bá pọ̀ jù ló já, tàbí irin tó ń gbóná láàárín bíríkì ló ti gé. Wọ́n ń ta méjèèjì lọ́tọ̀. Mo ti jí hítà ogún ọdún dìde bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà kan, owó tó san kò tó ìdá mẹ́rin owó tuntun. Tí wọ́n bá jẹ́ àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 1970 sí 1979, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: àwọn mìíràn nínú wọn ní asbestos, eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ẹ fi béèrè. Títí ẹ ó fi mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, àbúrò bàbá yín pàápàá.

Ti bàlùwẹ̀ rọrùn jù. Tó bá jẹ́ pé hítà tuntun lẹ fẹ́ fi sí ojú àtijọ́, lórí wáyà àtijọ́, ẹ kò ní ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ sún un, kí ẹ wọ̀n ọ́n ná. Ibi tí òfin kà sí àyíká ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè dé mítà 2.25, ó sì fẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 60 láti etí ọpọ́n ìwẹ̀. Wáyà tí ẹ bá fà kún inú àyè yẹn gbọ́dọ̀ dé etí ẹ̀ka ilé kíkọ́. Kí hítà náà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún bàlùwẹ̀, tí okùn ni wọ́n ń fà láti tàn án.

Láti inú lẹ́tà, mi ò lè rí ẹ̀yìn hítà yín. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ́sítà ló lè sọ bí wáyà yẹn ṣe rí. Nítorí náà, ẹ pe oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ kan, kó wá wò ó kí Sátidé tó dé. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé wáyà òru ni àbí ti ọ̀sán, ṣé wọ́n ṣeé tún ṣe, àti pé tí mo bá fẹ́ pẹlẹbẹ, ṣé ọ̀nà iná tuntun ni? Ẹ jẹ́ kí àbúrò bàbá yín wà níbẹ̀, kó gbọ́ èdè iṣẹ́ ibí. Ó máa tètè yé e ju ẹnikẹ́ni nínú yín lọ. Tó bá wá di pé ẹ óò gbé àwọn àtijọ́ sọnù, iṣẹ́ tirẹ̀ dé nìyẹn, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti yọ wáyà. Kí wọ́n ti pa wọ́n ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú, nítorí àárín bíríkì lè ṣì gbóná nígbà tí ìta ti tutù. Kó yọ bíríkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má kó o kún àpò kan ṣoṣo, mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa kó o sọ̀ kalẹ̀, torí hítà ńlá kan lè wúwo ju àgbàlagbà kan lọ.